Ìgbà Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Ọmọ Mi Pe Ọmọ

Kí ọkọ̀ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ni inú ti ń bí mi. Ọkọ̀ oníjókòó méje ni, dúdú, ó ń dán yinrin, ó sì gba gbogbo ojú títì débi pé aládùúgbò wa tó ń gbé ike ìdọ̀tí rẹ̀ síta ní láti fara mọ́ ògiri. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló ń wà á. Ó yí fèrèsé wálẹ̀, ó bọ́ gíláàsì dúdú kúrò lójú, ó ní ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Mo dáhùn o. Mo bi í pé ṣé dáadáa ló jí. Àmọ́ nínú ara mi, mo ní ẹ wo ìyàwó kékeré tó jókòó sínú ọkọ̀ kí ìyálé.

Nígbà tí Màmá yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀. Kíá ni. Ó kúnlẹ̀ lórí kọnkéré tòun ti ṣòkòtò jíǹsì rẹ̀, orúnkún méjèèjì, Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bí ẹni tó ti ojú ogun dé. Èmi tí mo ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí mo gbé omi ìwẹ̀ Màmá kaná nítorí pé kò fọkàn tán omi tó ń já bọ́ láti ara ògiri, tí mo din adìẹ, tí mo se ìrẹsì, tí mo lọ ìró àti bùbá rẹ̀, kò sẹ́ni tó kì mí.

Ọmọkùnrin méjì ni Màmá bí. Ọkọ mi ni àkọ́bí, èmi ni mo sì kọ́kọ́ wọlé, nítorí náà èmi ni ìyálé. Àbúrò ọkọ mi gbé tirẹ̀ lẹ́yìn wa, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Peckham nílùú òyìnbó níhìn-ín, tí Yorùbá rẹ̀ máa ń kọsẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ọ́fíìsì kan láàrin ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ra ilé sí Rush Green, ilé oníyàrá mẹ́ta tó ní ọgbà lẹ́yìn. Àwa ń gbé fúláàtì oníyàrá méjì ní Dagenham East, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá ń kọjá, ife á máa gbọ̀n lórí tábìlì. Ilé ìdáná ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí Màmá wá láti Ìjẹ̀bú kó lè lo àsìkò oòrùn pẹ̀lú wa, ọ̀dọ̀ wa ló dé sí, torí ilé àkọ́bí ni ìyá ń dé sí. Ó ń sùn nínú yàrá àwọn ọmọ. Gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi, gbogbo ìyìn rẹ̀ ń lọ sí Rush Green. Tí mo bá se ọbẹ̀, á ní ó dùn, àmọ́ ata rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Tí ìyẹn bá gbé kéèkì wá nínú páálí, kéèkì tó rà ní ṣọ́ọ̀bù, Màmá á sọ ọ́ di àdúrà.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dùn mí jù. Ìyá ọkọ ni ìyá ọkọ, ta ni kò mọ̀? Ohun tó ń dùn mí ni ọmọ mi. Obìnrin méjì ni mo bí. Àbíkẹ́yìn ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Èyí àgbà ti pé mọ́kànlá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí puráímárì, ó sì máa wọ sẹ́kọ́ńdírì ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Láti ìgbà tí ìyàwó kékeré ti kó dé Rush Green ni ọmọ yìí ti ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Mọ́mì Rush Green ló ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò mi tó wà nílé ní Mọ́mì Ìbàdàn. Mo kọ́kọ́ rí i pé kò burú. Èmi ni Mọ́mì, tèmi ò nílò àfikún. Nígbà tó yá, gbogbo ọ̀rọ̀ wá di Mọ́mì Rush Green. Mọ́mì Rush Green ní kí wọ́n má fa irun iwájú òun le mọ́. Mọ́mì Rush Green ní òun lè di agbẹjọ́rò. Mọ́mì Rush Green ra ife kan fún òun, ibẹ̀ ló wà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi mu nǹkan. Ife! Nínú ilé mi, ife tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí ọmọ yìí lọ́wọ́ ló fi ń mu omi, kò sì ṣàròyé rí.

Owú ọkọ, mo ti gbọ́ nípa rẹ̀ láti kékeré. Owú ọmọ, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó wà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìjáde wa yẹn, èmi àti ọmọ náà ń ká aṣọ tí mo yọ nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó gbá aṣọ ìbora rẹ̀ aláwọ̀ ewé mọ́ra, ó bi mí pé ṣé òun lè mú un dání lọ, tàbí Mọ́mì Rush Green á ra òmíràn. Mo ní kí ó mú un lọ síbo? Ó panu dé. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó mọ ohun tí èmi kò mọ̀. Ẹnu ọkọ mi ni mo ti gbọ́ ìyókù, nígbà tí mo gba àwo oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀. Ó ní Màmá ló dábàá rẹ̀, pé tó bá di Sẹ̀tẹ́ńbà kí ọmọ náà kó lọ sí Rush Green, kó máa ti ibẹ̀ lọ sílé-ẹ̀kọ́, nítorí pé ọmọ ló ń pe ọmọ wá. Ó ní Màmá fúnra rẹ̀ á bá mi sọ ọ́ ní Móńdè tí a bá lọ gbafẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà lè rọ̀ mí lọ́rùn. Mo ní ẹ kú ètò.

Mo mọ àṣà náà, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní òpè. Bí obìnrin bá pẹ́ nílé ọkọ láìtíì bímọ, ẹbí á mú ọmọ kan nínú àwọn ọmọ ilé lọ bá a gbé, kí ilé rẹ̀ má dákẹ́, kí ọmọ tó ń bọ̀ lè gbọ́ ohùn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó sì yà síbẹ̀. Àbúrò ìyá mi gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sì bí ìbejì lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé kò ṣeé kọ̀. Ìyálé tó bá ní òun ò fi ọmọ sílẹ̀, ohun tí gbogbo ẹbí máa gbọ́ ni pé kò fẹ́ kí ìyàwó tó tẹ̀lé e bímọ. O lè ṣàlàyé títí ẹnu á fi bó, kò ní yé wọn. Wọ́n ti há mi mọ́ igun ògiri, wọ́n wá ní kí n wọ bàtà, ká lọ gbafẹ́.

Ilé àwọn ọlọ́lá àtijọ́ kan ní ìgbèríko ni a ń lọ. Àwọn tó ni ín ti kú tipẹ́, wọ́n wá ṣí i sílẹ̀ kí gbogbo ayé máa wò ó. Ìyàwó kékeré ní káàdì kan tó fi ń wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbàkígbà tó bá wù ú. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, torí náà àwa yòókù la kún inú ọkọ̀. Màmá jókòó níwájú, èmi àti ọkọ mi wà láàrin pẹ̀lú àbíkẹ́yìn, ọmọ mi àgbà wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú kúlà oúnjẹ. Bí a ti ń gba Rush Green kọjá, ìyàwó kékeré na ìka sí òpópónà wọn. Màmá na ọwọ́ jáde láti fèrèsé, ó súre fún gbogbo òpópónà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ilé ẹni tó mọ̀ àti ilé ẹni tí kò mọ̀. Mo wẹ̀yìn. Ọmọ mi ń wo ọ̀nà yẹn bí ẹni tó ti ń délé. Mo rọra bi ọkọ mi pé ṣé òun ni bàbá ọmọ yìí tàbí Màmá ni. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí ọjọ́ yìí dùn. Ó di ojú bí ẹni tó ń sùn, àmọ́ ẹni tó ń sùn kì í máa fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀.

Ọ̀nà tó wọ inú ọgbà ilé náà gùn, igi ńláńlá tò sọ́tùn-ún tò sósì, àgùntàn ń jẹko láìsí ẹni tó ń dà wọ́n. Ilé náà fúnra rẹ̀, kí n má parọ́, ó bà mí lẹ́rù díẹ̀. Bíríkì pupa ni, fèrèsé rẹ̀ lọ súà, ihò èéfín tó wà lórí òrùlé sì pọ̀ débi pé Màmá bi wá pé ṣé búrẹ́dì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ nígbà ayé wọn ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín kí n tó rántí pé mò ń bínú.

Ní ẹnu ọ̀nà, ìyá àgbà kan tó fi káàdì sọ́rùn ló ń gba èèyàn wọlé. Ọmọ mi ti sáré ṣáájú, ó fa ọwọ́ ìyàwó kékeré, ó ń pè é tariwo-tariwo kó wá wo ẹyẹ ọ̀kín kan lórí koríko. Àwọn òyìnbó, tí wọ́n bá ti gbọ́ Mọ́mì, wọn kì í dúró gbọ́ ìyókù. Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín sí ìyàwó kékeré, ó ní ọmọ rẹ rẹwà, ó mà jọ ọ́ o, ó sì na ìwé kan sí i tí àwọn ọmọdé fi ń wá nǹkan kiri inú ilé náà. Ó jọ ọ́! Ọmọ tó jẹ́ pé imú bàbá mi ló gbé wáyé. Mo dúró kí ìyàwó kékeré tún un ṣe. Ó gba ìwé náà, ó ní ó ṣeun. Ẹ gbọ́ o, ó ní ó ṣeun. Mo fa àbíkẹ́yìn lọ́wọ́, mo wọlé láìkí ìyá àgbà yẹn, èmi tí wọ́n kọ́ ní ilé.

A ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n fi okùn dí gbogbo àga kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó. Màmá rí bẹ́ẹ̀dì kan tó ní òpó mẹ́rin, tí wọ́n ta aṣọ yí ká, ó sì káàánú wọn pé ẹ̀fọn fìyà jẹ àwọn náà nígbà náà. Ìyàwó kékeré ní òtútù ni wọ́n ń sá fún, Màmá. Màmá ní òtútù kẹ̀, ẹ̀fọn ni, òun mọ àwọ̀n ẹ̀fọn tí òun bá rí i. Ó gbá ọmọ mi lẹ́jìká, àwọn méjèèjì jọ ń rẹ́rìn-ín, ìyàwó kékeré náà dara pọ̀ mọ́ wọn. Bí èèyàn bá wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ẹ̀yìn, á ní ìyá ìyá, ìyá, àti ọmọ ni. Èmi ni mo ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn.

Ní yàrá kan tó fẹ̀ bí ṣọ́ọ̀ṣì, àwòrán ńlá kan wà lókè ibi tí wọ́n ti ń dáná yá. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀, ajá kan, àti ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tó gbé ọwọ́ lé orúnkún obìnrin náà. Bàbá arúgbó kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ láti máa ṣàlàyé fún àwọn tó bá wá. Ó ní tọkọtaya yìí ló nilé, wọn kò bímọ, ni wọ́n bá gba ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ, ẹni tí kò rí já jẹ tó wọn. Ọmọ náà ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà tó dé. Ibẹ̀ ló dàgbà sí, òun ló sì jogún gbogbo ohun tí a ń wò yìí. Ìyàwó kékeré ń túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Nígbà tó kan ibi ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Màmá pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹ ò rí nǹkan, òyìnbó gan-an mọ̀ ọ́n. Ó wò mí nígbà tó ń sọ ọ́. Ọkọ mi ń wo bàtà ara rẹ̀.

Màmá ní kí ìyàwó kékeré bá òun bi bàbá náà pé nígbà tí ọmọ yẹn dé, ṣé obìnrin náà wá bímọ? Ìyàwó kékeré ò bi í. Ó tẹjú mọ́ àwòrán bí ẹni tí kò gbọ́. Ọmọ mi ló bi í, ní gẹ̀ẹ́sì wọn tó ń sáré yẹn. Bàbá náà mi orí, ó ní rárá, ó mà ṣe o, wọn ò bí títí wọ́n fi kú. Màmá ní wọn kò gbàdúrà sí i ni.

Ó ti wá kan èmi náà láti béèrè. Mo ní ìyá tó bí ọmọ yẹn ńkọ́, àwòrán tirẹ̀ dà? Bàbá náà ronú. Ó ké sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yàrá kejì, ìyẹn náà wá, wọ́n jọ rò ó. Wọ́n ní kò sí àwòrán rẹ̀ níbikíbi nínú ilé yìí, àwọn ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Bàbá náà ní kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo Màmá lójú, mo wo ọkọ mi, mo wo ìyàwó kékeré, mo sì jáde lọ gba atẹ́gùn.

A tẹ́ ẹní sábẹ́ igi kan ní ọ̀nà jíjìn sí ilé náà. Mo ṣí kúlà mi. Ìrẹsì wà níbẹ̀, adìẹ, dòdò, àti mọ́ínmọ́ín tí mo fi ewé gidi pọ́n, ewé tí mo torí rẹ̀ lọ sí ọjà East Street ní Barking, nítorí pé Màmá kì í jẹ mọ́ínmọ́ín inú ike. Ìyàwó kékeré ṣí agbọ̀n tirẹ̀. Búrẹ́dì ló wà níbẹ̀, tí wọ́n gé ní igun mẹ́ta mẹ́ta, tí wọ́n fi kùkúḿbà há láàrin. Ọmọ mi mú búrẹ́dì. Mo bu ìrẹsì fún un, mo gbé itan adìẹ tó tóbi jù lé e, ó jẹ ṣíbí méjì, ó ní òun ti yó. Ìyàwó kékeré ní tirẹ̀ ń jẹ ìrẹsì mi bí ẹni tó gbààwẹ̀, ó bù kún un, ó ní òun ti se é títí, tòun kì í rí báyìí. Ìyìn yẹn ò wọ̀ mí lára. Tí mo bá ní kó fún mi ní ọ̀kan nínú ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyìn kọ́ ni.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó kó àwọn ọmọ lọ láti ra tíì wá fún Màmá. Mo mọ̀ pé àsìkò ti tó. Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní kí n sún mọ́ òun.

"Ìyàwó mi, ìwọ kì í ṣe àlejò nínú ilé yìí. Ilé yẹn ti dákẹ́ jù. Ọmọ ló ń pe ọmọ wá, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. A ò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ. Rush Green kì í ṣe ẹ̀yìn odi. Yọ̀ǹda rẹ̀ fún un, kí Ọlọ́run lè rántí òun náà."

Mo wo ọkọ mi. Koríko ló ń fà tu. Àwọn àgbà ní a kì í du orí olórí kí àwòdì gbé tẹni lọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́, ó ti dé orí ahọ́n mi. Mo tún fẹ́ sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ tuntun yẹn súnmọ́ ọ̀dọ̀ wa ju ọ̀dọ̀ wọn lọ, pé ọmọ yìí ló ń bá mi mú àbúrò rẹ̀ lọ sílé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀. Gbogbo àwíjàre yẹn, bí mo ti ń tò wọ́n nínú, ṣe ni wọ́n ń dún létí èmi fúnra mi bí ọ̀rọ̀ obìnrin ìkà. Òtítọ́ ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ yìí ti fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ báyìí tó jẹ́ pé Sátidé nìkan ló ń lọ. Tó bá lọ sun ibẹ̀, kò ní padà. Ṣé ohun tí èèyàn lè sọ fún ìyá ọkọ nìyẹn? Màmá, mò ń jowú ìyàwó yín? Mo ní mo gbọ́, Màmá. Màmá gba ọ̀rọ̀ yẹn gẹ́gẹ́ bí bẹ́ẹ̀ ni, ó ní mo káre, ọmọ tó gbọ́ràn.

Wọ́n ti ń bọ̀. Ìyàwó kékeré gbé ife tíì kan sí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ wà níwájú rẹ̀. Màmá pe ọmọ mi àgbà, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí wọ́n ti ń fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe na ọwọ́ ọmọ náà síta.

"Ìyàwó kékeré, wá gba ọmọ rẹ. Orí rẹ̀ á pe tìrẹ wá."

Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúró.

Ìyàwó kékeré bẹ̀rẹ̀, ó gbé àwọn ife náà kalẹ̀ lórí koríko. Ọ̀kan dojú dé, kò wò ó. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé itan, kò na èyíkéyìí.

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò gbà á."

Màmá ní kí ni ó wí?

"Mi ò gbà á, Màmá. Mo fẹ́ràn ọmọ yìí, ẹ̀yin náà mọ̀. Àmọ́ tó bá wá sílé mi, tí mi ò sì bímọ ńkọ́? Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá yẹn sọ lónìí. Tó bá di ọdún kan, ọdún méjì, wọ́n á ní orí ọmọ yìí ò dáa, wọ́n á ní kò pe ẹnikẹ́ni wá. Èmi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí báyìí, ó ti mọ́ mi lára. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ."

Yorùbá rẹ̀ kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Màmá fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀. Ó wo ìyàwó kékeré, ó wò ó títí, ó wá ní kí wọ́n gbé tíì òun fún òun kó tó tutù. Ọkọ mi dìde gbé èyí tí kò dànù.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ohun tí mo ń gbàdúrà fún láti Ọjọ́bọ̀, ó ti ṣẹlẹ̀, n kò sì ní láti la ẹnu mi. Inú mi ò dùn o. Owú tuntun ló dìde lórí èyí tó ti wà nílẹ̀. Kíkọ̀ tó yẹ kó ti ẹnu mi jáde, ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Gbogbo ohun tí mo sì tò sínú ara mi láti fi kọ̀ ọ́, èmi ló wà nídìí gbogbo wọn, ipò mi, ilé mi, bí Sátidé ṣe ń rí lára mi. N kò ronú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nípa ohun tí wọ́n máa sọ nípa orí ọmọ mi tí ilé yẹn bá ṣì dákẹ́. Èmi tí mo gbé e sínú! Ìyẹn náà, òun ló ṣíwájú mi débẹ̀.

Ọmọ mi ò gbọ́ gbogbo àlàyé yẹn. Mi ò gbà á nìkan ló gbọ́. Ó ṣì na ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí Màmá ti fi í sílẹ̀, ó wá kó o sápò, ó lọ jókòó sí ẹ̀yìn igi. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó gbé iwájú orí lé fèrèsé, omi ń dà lójú rẹ̀ láìdún. Ìyàwó kékeré ń wò ó nínú dígí ọkọ̀. Mo rí ojú rẹ̀ níbẹ̀. A tún gba Rush Green kọjá, Màmá ò súre fún ẹnikẹ́ni, ó ti sùn, oorun gidi.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà wa, ìyàwó kékeré sọ̀ kalẹ̀. Ó bá mi gbé kúlà dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ fún mi, ó ní ẹ kú iṣẹ́ oúnjẹ, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n sọ fún un. Mo ní kó máa wakọ̀ jẹ́jẹ́.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Mo dúró sídìí síńkì, mò ń fọ òróró kúrò lára kúlà. Ọkọ mi ti bá Màmá wọ yàrá. Ọmọ mi wọlé wá, ojú rẹ̀ wú.

"Mọ́mì, kí ni mo ṣe fún un? Kí ló dé tí kò fẹ́ mi?"

Ẹ wo ohun tó bọ́ sí mi lọ́wọ́. N kò tilẹ̀ ní láti purọ́. Kí n kàn mí kanlẹ̀, kí n sọ pé ọmọ mi, ilé ẹni ni ilé ẹni, kí n gbá a mọ́ra, ó parí. Kí Sẹ̀tẹ́ńbà tó dé, kò ní lọ síbẹ̀ ní Sátidé mọ́. Ife yẹn á wà níbẹ̀, eruku á bò ó. Mo mọ bí mo ṣe máa gbá a mọ́ra. Ọwọ́ mi ti jáde kúrò nínú omi.

"Ó fẹ́ ọ," mo ní. "Ó fẹ́ ọ débi pé kò jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe oògùn."

Mo jókòó, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ nípa orí ọmọ, àti ohun tí Mọ́mì Rush Green ń gbọ́ lójoojúmọ́ tí kì í sọ. Ó bi mí pé ṣé òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni. Ó fi ọwọ́ aṣọ nu imú, ó ní ṣé mo lè yá òun ní fóònù mi. Mo nu ọwọ́, mo ṣí i, mo gbé e fún un.

Ó gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ gidi, tí n kò tíì gbọ́ láti ọ̀sán. Ó ní ẹ ṣé, Mọ́mì. Kò fi Rush Green kún un. Mo ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ dé ìdí, kí n má baà gbọ́ ìyókù.